Iná Soweto ní Agbamu

Orin kan wà tí wọ́n ṣì máa ń fi sí i lóde ìnáwó wa títí di òní, "Fire in Soweto" tí Sonny Okosun kọ. Tí gìtá rẹ̀ bá ti dún, tọmọdé tàgbà á dìde. Mi ò bá wọn wí. Àwa náà jó o nígbà tó jáde ní 1977, a jó o débi pé bàtà ya. Ṣùgbọ́n ogun ló bí orin yẹn, kì í sì í ṣe ogun kan ṣoṣo. Àwa tá a mọ bó ṣe jẹ́ ti ń tán nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó sọ ọ́, kí n má sì kánjú.

Ní ọdún náà, tíṣà ni mí ní Agbamu. Ìlú wa kò tóbi tó Òmù-Àrán, kò sì lókìkí bí Ẹ̀sìẹ́, ṣùgbọ́n a kì í ṣe ẹni tí kò mọ ohun tó ń lọ láyé. Ọmọ wa wà ní Ìlọrin, wọ́n wà ní Kàdúná, wọ́n wà ní Èkó. Àwọn kan ti ṣòwò dé Gánà kí ìjọba Busia tó lé wọn padà sílé ní 1969. Ẹni tó bá ti wálé ọdún, yálà Kérésìmesì tàbí Iléyá, òun ni rédíò wa, òun ni ìwé ìròyìn wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin ló gbé gírámáfóònù wọ ilé wa. Owó Údọ́jì ló fi rà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré, owó Údọ́jì ni àfikún owó oṣù tí ìjọba Gowon san fún òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, tí wọ́n ka èyí tó ti kọjá mọ́ ọn, tí wọ́n san gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan fi ra alùpùpù, àwọn kan fi fẹ́yàwó kejì, ẹ̀gbọ́n mi fi ra ẹ̀rọ orin. Ẹ̀rọ kékeré alábátìrì ni. Ìdérí rẹ̀ ṣeé yọ, inú ìdérí yẹn gan-an lohùn sì ti ń jáde. Bátìrì ńlá mẹ́fà ló ń jẹ. Tí bátìrì bá ti ń kú lọ, ohùn akọrin á bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ohùn ẹni tí oorun ń kùn. A ó wá kó àwọn bátìrì náà sóòrùn lórí páànù, nígbà tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún lágbára orin mẹ́ta mẹ́rin sí i. A lè gbé ẹ̀rọ náà, a lè nù ún, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Àwo Haruna Ishola wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti Obey wà níbẹ̀, ti Sunny Adé náà wà. Ní Kérésìmesì ọdún 1977, ó mú ọ̀kan wá tí kò jọ ìyókù. Ìlù régè àwọn ará Jàmáíkà wà nínú rẹ̀, gìtá rọ́ọ̀kì àwọn òyìnbó wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá mọ háíláìfù kò ní ṣì í mọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ wa ló kọ ọ́. Ozziddi ni Okosun ń pe orin tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kún iwájú ilé wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá wa jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ ọ, ó wá bi mí pé kí ni ọkùnrin yìí ń pariwo iná sí, ilé ta ló jó? Mo ní kì í ṣe ilé, Màámi, ìlú àwọn èèyàn dúdú kan ni, lọ́hùn-ún ní Gúúsù Áfíríkà. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti rí i pa?" Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn.

Ní tèmi, mo ti mọ̀ nípa Soweto ṣáájú àwo yẹn, nítorí iṣẹ́ tíṣà ló mú kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹ̀gbẹ́ Johannesburg ni Soweto wà. Ibẹ̀ ni ìjọba àwọn òyìnbó kó àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ sí, kí wọ́n lè máa wọ ìgboro láàárọ̀, kí wọ́n sì jáde níbẹ̀ lálẹ́. Ní 1974, ìjọba yẹn pàṣẹ pé ìdajì ẹ̀kọ́ nílé ìwé àwọn ọmọ dúdú, títí kan ìṣirò, Afrikaans ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn, èdè àwọn Bóà tó ń jọba lé wọn lórí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tíṣà kò gbọ́ èdè náà dáadáa. Ẹ rò ó wò: tíṣà kò gbọ́, ọmọ kò gbọ́, ìdánwò sì ń bọ̀. Èmi tí mo ti dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé mọ irú ìyà tíyẹn jẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1976, ni àwọn ọmọ ilé ìwé dìde láàárọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn. Wọ́n gbé páálí tí wọ́n kọ̀wé sí dání, wọ́n ń kọrin lọ sí pápá ìṣeré Orlando. Ọlọ́pàá pàdé wọn lọ́nà. Wọ́n yin tajútajú, wọ́n tú ajá sí wọn, wọ́n sì dàbọn bolẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé. Ìjà náà tàn dé ìlú mìíràn, ó sì gba ọ̀pọ̀ oṣù. Iye tí ìjọba yẹn fẹnu ara rẹ̀ kà sí òkú jẹ́ 176, àwọn mìíràn sì sọ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Hector Pieterson wà lára wọn, ọmọ ọdún 12. Ẹ ti lè rí àwòrán náà rí, nítorí kò síbi tí kò dé láyé. Sam Nzima tó ń ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn The World ló yà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé Hector dání, ó ń sunkún, ó ń sáré, orí ọmọ náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n Hector obìnrin, Antoinette, ń sáré tẹ̀ lé wọn, ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú bí ẹni tó ń ti nǹkan dànù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé e, Mbuyisa Makhubu lorúkọ rẹ̀, kò ju ọmọ ọdún 18 lọ. Ẹ bá mi fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Hẹdimásítà wa ló mú ìwé ìròyìn tí àwòrán yẹn wà nínú rẹ̀ ti Ìlọrin bọ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, gbogbo wa dúró yí i ká, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ UPE bẹ̀rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ní oṣù kẹsàn-án 1976. Àwọn ọmọ ya wọ ilé ìwé, àga kò tó, àwọn kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. A ń ráhùn pé iṣẹ́ pọ̀. Síbẹ̀, mo máa ń wo àwọn ọmọ yẹn, mo máa ń rántí pé ibì kan wà tí ìjọba ti ń yìnbọn pa irú wọn nítorí ìwé kan náà. Ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́hùn-ún sì rèé, láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí àwọn ọmọ náà sì ń mókè. Ohun tí àwọn kan ń fi sùúrù dán wò ní Ifẹ̀, òun làwọn ọmọ Soweto kú fún: kí ọmọ lè fi èdè tó yé e kọ́ ìṣirò. Ó máa ń dùn mí títí di báyìí tí mo bá gbọ́ tí àwọn òbí ń fi ẹgba mú ọmọ pé kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá nílé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí alẹ́ Kérésìmesì yẹn. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé. Ó wọṣẹ́ ológun nígbà ogun Bìáfíra, ó jà lápá Pọ́tákọ́ọ̀tù lábẹ́ Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo ayé ń pè ní Black Scorpion. Ó padà dé ní 1970, ó ń tiro. Ògbóǹtarìgì oníjó ni kó tó lọ. Lẹ́yìn tó dé, kò jó mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún nà sílẹ̀. Nígbà tí "Fire in Soweto" parí, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi tún un gbé sí i. Ó parí, ó tún ní kó gbé e sí i. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ gbọ́ Obey, wọ́n ń kùn. Ó ní kí wọ́n dákẹ́. Ó wá sọ fún mi pé, "Tíṣà, ọmọ yìí ti sá fógun rí." Mo ní báwo lẹ ṣe mọ̀? Ó ní, "Ẹni tí kò sá rí, orin ìṣẹ́gun ló máa kọ."

Ọ̀rọ̀ náà wà nínú mi fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di pé mo ka ìtàn Okosun fúnra rẹ̀. Òtítọ́ ni jagunjagun wa sọ. Ọmọ Ìsán ni Okosun, láti ìhà tá a ń pè ní Bendel nígbà náà, ṣùgbọ́n Enugu ló gbé dàgbà. Ibẹ̀ ló ti dá ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀, Postmen, tí wọ́n ń kọ orin Beatles, ti Elvis Presley àti ti Cliff Richard, bí gbogbo ọ̀dọ́ ìgbà náà ṣe ń ṣe. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún 1967, Ojukwu kéde Bìáfíra, Enugu di olú-ìlú rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje, ìbọn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti wọ Enugu. Ogun yẹn ló ṣí Okosun àti àwọn ẹbí rẹ̀ nídìí, wọ́n forí lé Èkó. Ọmọ ogún ọdún tó ń ta gìtá nínú ìlú tó mọ̀ bí ẹní mowó, ló di àlejò láàárín oṣù díẹ̀. Ní 1969, ó wọ ẹgbẹ́ Victor Uwaifo, ogun kò tíì tán nígbà náà. Ní 1972 ló tó dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Ìyẹn ni mo ṣe sọ pé ogun méjì ló wà nínú orin yẹn. Hugh Masekela náà kọ "Soweto Blues" fún Miriam Makeba ní àkókò kan náà, ó sì dára, ó bani nínú jẹ́ bó ṣe yẹ. Ọmọ ilẹ̀ yẹn ni wọ́n, ẹ̀dùn ọkàn wọn kò yani lẹ́nu. Ti Okosun ló yà mí lẹ́nu. Kò dé Soweto rí kó tó kọrin nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ bí ìlú ṣe ń dà nígbà tí ìbọn bá wọ̀ ọ́, èmi kò sì lè gbà pé ohun tó gbọ́ lórí rédíò nìkan ló fi kọ ọ́.

Àwa náà tá à ń jó o, a kò jìnnà sógun. Ìpínlẹ̀ tí à ń jẹ́ yìí gan-an, ìpalẹ̀mọ́ ogun ló bí i. Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967 ni Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12 kí ọwọ́ Ojukwu má baà ràn. West Central ni wọ́n kọ́kọ́ pè wá kó tó di Kwara. Ọmọ Òmù-Àrán, David Bámigbóyè, ọ̀gágun tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ni wọ́n fi ṣe gómìnà wa. Inú àwa Ìgbómìnà dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń wọ ọkọ̀ lọ síbi ogun ní àkókò ayọ̀ yẹn kan náà, ìyá púpọ̀ sì wà tí kò rí ọmọ tirẹ̀ mọ́.

Mo máa ń ronú lórí ère Ẹ̀sìẹ́ nígbà mìíràn. Kò jìnnà sí wa. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀. Ayẹ̀wéwò ilé ìwé kan, Ramsay, ló kọ́kọ́ ròyìn wọn fáyé ní 1933, wọ́n sì kọ́ ilé musíọ́mù sí i ní 1945, àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú ère yẹn ló di ihámọ́ra, tọkùnrin tobìnrin, idà wà lọ́wọ́ wọn, apó ọfà wà lẹ́yìn àwọn mìíràn. Ogun wo ni wọ́n ń lọ? Ta ni wọ́n bá jà? Àwọn baba wa ní àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta. Èmi gba ohun tí àwọn baba wa sọ, ṣùgbọ́n ìbá ṣe pé orin kan bá wọn dé, à bá mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ogun Ìlọrin àti ti Núpé tó ja ilẹ̀ wa láyé àwọn baba ńlá wa, ẹnu àwọn ìyá àgbà tó ń kọrin ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa wọn, kó tó di pé mo rí wọn nínú ìwé.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ òde òní kò mọ̀: a sanwó fún ìjà àwọn ará Soweto yẹn. Ọ̀rọ̀ Gúúsù Áfíríkà ti gbóná nílẹ̀ yìí láti ìgbà Murtala Mohammed. Nígbà tí ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà wọ Àǹgólà ní 1975, Murtala kọ̀yìn sí ohun tí Amẹ́ríkà fẹ́, ó tẹ́wọ́ gba ìjọba MPLA. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní 1976, ó lọ sọ ọ́ lójú gbogbo ayé ní Addis Ababa pé Áfíríkà ti dàgbà. Oṣù kan lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa kan yìnbọn pa á ní Èkó. Ọbásanjọ́ tó gbapò rẹ̀ kò jẹ́ kọ́rọ̀ náà kú. Wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń dá ìdá 2 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ síbẹ̀. Nínú náírà kọ̀ọ̀kan, kọ́bọ̀ méjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé kò tó nǹkan, ẹ kò mọ ohun tí kọ́bọ̀ ń rà nígbà yẹn. Àwọn ọmọ ilé ìwé gíga fi oúnjẹ ọ̀sán wọn sílẹ̀ kí owó rẹ̀ lè lọ síbẹ̀. Nínú yàrá àwọn tíṣà, ẹnì kan kùn pé kí ló kan òun. Hẹdimásítà wa kò bá a jiyàn. Ó ní kó lọ wo àwòrán tó wà lára ògiri. Ó ti gé àwòrán Hector kúrò nínú ìwé ìròyìn, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀.

Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà fòfin de àwo Okosun ní ilẹ̀ wọn, èyí tó fi hàn pé orin náà dé ibi tó ń lọ. Nígbà tó di 1985, tí àwọn gbajúmọ̀ olórin rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà kóra jọ láti kọ orin "Sun City" pé àwọn kò ní lọ ṣeré fún ìjọba náà, Bob Dylan wà níbẹ̀, Bruce Springsteen wà níbẹ̀, Okosun náà sì wà níbẹ̀, ọmọkùnrin tí ogun lé kúrò ní Enugu. Ní oṣù karùn-ún 1990, kò tó oṣù mẹ́rin tí Mandela jáde lẹ́wọ̀n, ó wá sí Nàìjíríà. Rédíò ń sọ ọ́, mo sì ń ronú kan jagunjagun wa, nítorí ó ti papò dà kí ọjọ́ náà tó dé. Okosun lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ nínú iṣẹ́ ìhìnrere, ó sì kú ní Washington ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 2008.

Ó ku ẹnì kan. Mbuyisa Makhubu, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé Hector. Lẹ́yìn tí àwòrán yẹn jáde, ọlọ́pàá kò jẹ́ kó gbádùn. Ó sá kúrò nílé, ó gba Botswana, ó sì wá sí Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ yìí níbí, nígbà tí a gba àwọn ọmọ Gúúsù Áfíríkà sílé ìwé wa pé kí wọ́n parí ẹ̀kọ́ wọn. Ìyá rẹ̀ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà pé lẹ́tà kan dé láti Nàìjíríà ní 1978. Láti ìgbà náà, kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá náà kú ní 2004. Ní 2013, wọ́n ní àwọn rí ọkùnrin kan ní àhámọ́ ní Kánádà tó lè jẹ́ òun. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò bá ti ẹbí mu.

Ìyẹn máa ń gbà mí lóorun ju orin lọ. Ọdún tí à ń gbé àwo yẹn sí i tá à ń jó, ọmọ tó wà nínú àwòrán ara ògiri wa ti wà nílẹ̀ yìí, bóyá ó gbọ́ orin náà lórí rédíò bíi tiwa. Ẹgbẹ́ mi pọ̀ tó ṣe tíṣà nígbà náà, tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìbàdàn, sí Kàlàbá, sí Jọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ Gúúsù Áfíríkà láàárín 1977 sí 1978, kó bá mi wá rẹ́jísítà àti fọ́tò kíláàsì ìgbà náà jáde, kó wò wọ́n dáadáa. Kì í ṣe orúkọ nìkan ni kó wò, nítorí àwọn tó sá wá kì í sábà jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n nílé. Ojú wọn ni kó wò.